Ìlà inú fáìlì orin tí mo dáńlóòdù ò dọ́gba, àwọn kan lẹ̀ mọ́ra, àwọn kan ń fo ìlà

Atẹ̀wé_UnderG

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí, ọ̀rọ̀ yìí ti ń dà mí láàmú láti ọjọ́ Mọ́ńdè. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Under G níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́, táípì àti pírínǹtì là ń ṣe, oníbàárà mi kan wá ní kí n bá ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ṣe ìwé orin kékeré fún ìkórè, orin 14 pẹ̀lú ẹsẹ Bíbélì díẹ̀, ẹ̀dà 200. Wọn ò fún mi níwèé tí màá máa wò táìpù o, fáìlì ni wọ́n kó fún mi, .txt ni gbogbo ẹ̀. Àwọn kan wá nínú ìméèlì, àwọn kan èmi fúnra mi ni mo dáńlóòdù ẹ̀ níbi tí wọ́n júwe fún mi, àwọn tó kù wá látinú fùláàṣì bàbá àgbà kan tó ti ń kó orin jọ ọjọ́ ti pẹ́.

Ibi tọ́rọ̀ wà rèé. Kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù mi, Windows 7 ló wà lórí ẹ̀, mi ò tíì rówó pààrọ̀ ẹ̀. Tí mo bá ṣí àwọn fáìlì kan nínú Notepad, gbogbo orin látẹsẹ kìíní dé ẹsẹ karùn-ún, tègbètègbè, á wà lórí ìlà kan ṣoṣo tó gùn lọ bí ọ̀nà Ìlọrin. Àwọn míì dáa, kò sóhun tó ṣe wọ́n. Àwọn míì tún wà tó jẹ́ pé, tí mo bá ṣí wọn nínú Word, láàárín ìlà kan sí ìkejì àlàfo ló wà níbẹ̀, bíi pé ẹni tó táìpù ẹ̀ ń tẹ ẹ̀ńtà lẹ́ẹ̀mejì méjì. Mo wá ní kí n pa gbogbo ẹ̀ pọ̀ sínú fáìlì kan, mo lo àṣẹ copy *.txt tí ẹ̀gbọ́n kan kọ́ mi nígbà kan, ló bá tún wá burú sí i, lẹ́tà dúdú kékeré kan tí wọ́n kọ SUB sí lára wà níparí ẹ̀ nígbà tí ẹnì kan bá mi ṣí i lórí láptọ́ọ̀pù tiẹ̀.

Mo ti pírínǹtì 60 kí n tó rí i pé orin kẹfà àti ìkeje ti wọnú ara wọn, ẹ̀yin náà dẹ̀ mọ iye tí rímù pépà ń jẹ́ báyìí. Mo ti wá jókòó tì í, mò ń fọwọ́ tẹ ẹ̀ńtà sí ìlà kọ̀ọ̀kan, iná ń lọ iná ń bọ̀, orin mẹ́ta péré ni mo tíì ṣe láti àárọ̀. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní fáírọ́ọ̀sì ni. Ṣé fáírọ́ọ̀sì ni lóòótọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ohun yòówù tẹ́ẹ bá ní kí n ṣe, àmì ohùn ò gbọdọ̀ bàjẹ́ o, ẹni tó gbéṣẹ́ wá ò gba gbẹ̀rẹ́ lórí ìyẹn rárá.

Ọmọ_Tákìé

Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì àǹtí. Ẹ pa Notepad tì, WordPad ni kẹ́ẹ fi ṣí i, ìlà á tò.

Atẹ̀wé_UnderG

Ẹ ṣé. Mo ti gbìyànjú ẹ̀, lóòótọ́ ìlà tò, àmọ́ ẹ wo bó ṣe sọ ọ̀rọ̀ dà, gbogbo ibi tí ẹ wà tẹ́lẹ̀, áº¹ ló kọ síbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo yáa tì í, mi ò sefù ẹ̀.

Kóòdù_Adénìkẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ àǹtí, ẹ ṣeun tẹ́ẹ ò sefù ẹ̀, ká ní ẹ sefù ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá di méjì. Lẹ́tà ẹ máa ń gba báìtì mẹ́ta, ìyẹn nọ́ńbà kéékèèké mẹ́ta, nínú UTF-8 tó jẹ́ ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń kọ lẹ́tà sínú fáìlì, WordPad yẹn ò mọ̀ pé ara kan náà ni wọ́n, ó kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ló fi di á àti º àti ¹. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ ná.

Ẹ má fọwọ́ tẹ ẹ̀ńtà kankan mọ́, ẹ simi. Nínú fáìlì tẹ́kísìtì, kọ̀ǹpútà ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ ìlà bí àwa ṣe mọ̀ ọ́n, lẹ́tà ló tò tẹ̀ léra wọn látìbẹ̀rẹ̀ dópin bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín, ibi tí ìlà bá ti parí ni wọ́n máa ń ki àmì kan bọ̀ tí ojú ò rí. Àmì méjì ló wà. Ọ̀kan ń jẹ́ CR (carriage return), nọ́ńbà ẹ̀ ni 13, èkejì ń jẹ́ LF (line feed), nọ́ńbà tiẹ̀ ni 10. Àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà ò wá fẹnu kò lórí èyí tí wọ́n máa lò. Windows ń lo méjèèjì pọ̀, CR á ṣáájú LF á tẹ̀ lé e, ọ̀dọ̀ DOS tó ṣáájú ẹ̀ ló ti jogún ẹ̀, DOS náà mú un látọ̀dọ̀ ètò kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tó ń jẹ́ CP/M. Unix, ètò kọ̀ǹpútà míì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1969, LF nìkan ló ń lò ní tiẹ̀, ọ̀nà yẹn náà ni Linux àti Android tó wà lórí fóònù wa tọ̀. Mac àtijọ́ wá mú CR nìkan, láti 1984 títí tí wọ́n fi gbé Mac OS X jáde ní 2001, ìgbà yẹn ló tó yà sọ́nà LF.

Notepad inú Windows 7 yín, CR àti LF pọ̀ nìkan ni ojú ẹ̀ mọ̀. Tó bá bá LF nìkan pàdé, ó máa kọjá lára ẹ̀ bíi pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ìdí tí orin fi ń lẹ̀ mọ́ra nìyẹn. Inú àtúnṣe Windows 10 tó jáde lóṣù kẹwàá ọdún 2018 ni wọ́n tó tún un ṣe tí Notepad fi ń ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó ń fo ìlà, ohun tó máa ń fa ìyẹn ni pé wọ́n ti yí i láti LF sí ti Windows lẹ́ẹ̀kan, ẹlòmíì tàbí ẹ̀rọ kan tún yí i lẹ́ẹ̀kejì láìwò bóyá CR ti wà níbẹ̀, ló bá di CR CR LF. Lójú ètò tó bá ń ka CR nìkan náà sí òpin, ìlà kan, òpin méjì nìyẹn.

Ẹ dáńlóòdù Notepad++, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo fáìlì yẹn síbòmíì, tó bá bàjẹ́ kẹ́ẹ ríbi padà sí. Tẹ́ẹ bá ti ṣí fáìlì kan, ẹ wo ìsàlẹ̀ pátápátá lọ́wọ́ ọ̀tún, ó máa kọ irú òpin ìlà tó wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ má gba ibẹ̀ gbọ́ tán torí tí fáìlì bá jẹ́ àdàlù, irú kan ṣoṣo náà ló máa dárúkọ. Ẹ lọ sí View, Show Symbol, Show End of Line, ẹ máa rí àpótí dúdú kéékèèké níparí ìlà kọ̀ọ̀kan, CR LF, tàbí LF nìkan, tàbí CR nìkan. Ẹ fi ojú ara yín wò ó látòkè délẹ̀ kẹ́ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ẹ gbọ́ o, èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ló ṣe pàtàkì jù. Èyí tó ní CR CR LF, òun ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ tẹ Ctrl+H, ẹ mú Extended nísàlẹ̀ ẹ̀, ẹ ní kó wá \r\r\n kó fi \r\n rọ́pò ẹ̀ (\r ni CR, \n ni LF), Replace All, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ títí táá fi sọ pé òun ò rí nǹkan kan mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ẹ tó lọ sí Edit, EOL Conversion, ẹ mú Unix, kẹ́ẹ tún padà mú Windows. Tẹ́ẹ bá ṣe EOL Conversion ṣáájú, CR tó dá dúró yẹn á di ìlà tiẹ̀ gan-an, àlàfo tó wà láàárín orin á wá di òótọ́, kò ní sí bí ẹ ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ ti àárín ẹsẹ sí ẹsẹ yàtọ̀ sí èyí tí àṣìṣe bí. Ẹ má béèrè ìdí tá a fi ń lọ sí Unix tá a tún ń padà bọ̀, Notepad++ á fi orúkọ èyí tó bá rò pé ó wà níbẹ̀ pamọ́, kò ní jẹ́ kẹ́ẹ tẹ̀ ẹ́, àlọ àti àbọ̀ ló ń jẹ́ kó fọwọ́ kan gbogbo ìlà.

SUB yẹn, copy ló fi síbẹ̀. Tẹ́ẹ bá ní kó pa fáìlì tẹ́kísìtì pọ̀, ó máa ń fi àmì òpin fáìlì ti ayé CP/M sí ìparí. Ẹ lo copy /b nígbà míì, kẹ́ẹ sì rí i pé ìlà ìkẹyìn orin kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ńtà lẹ́yìn, torí tí kò bá ní, àkọlé orin tó kàn á lọ lẹ̀ mọ́ Àmín.

BàbáTáípì_Ọ̀yọ́

Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀yin ọmọ mi. Ọ̀yọ́ ni mo wà, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látàárọ̀, ó dùn mọ́ mi nínú débi pé mo gbọ́dọ̀ dá sí i. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn èèyàn ní táípì kí kọ̀ǹpútà tó gbòde, èmi mọ CR àti LF kí n tó fojú kan kọ̀ǹpútà, torí iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n.

Ìwọ Atẹ̀wé, bóyá o ti rí táípúráítà rí, bóyá o ò tíì rí i. Rólà kan wà lókè tí pépà wé mọ́, orí nǹkan kan tó ń rìn ni rólà ọ̀hún wà. Bó o ṣe ń tẹ lẹ́tà, kì í ṣe lẹ́tà ló ń rìn, pépà ló ń sún lọ sósì díẹ̀díẹ̀. Tó bá kù díẹ̀ kó dé etí, agogo kékeré inú ẹ̀ á dún, gbin! Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ tó kàn ò ní gbà á mọ́. Irin pẹlẹbẹ kan wà lápá òsì tí wọn yóò na ọwọ́ sí, wọn á tì í sọ́tùn-ún. Ohun méjì ni ìtì kan yẹn ń ṣe. Rólà á kọ́kọ́ yí, wàá gbọ́ ọ, kìrìkìrì, pépà á gòkè ní ìlà kan. Ìyẹn ni LF. Tó o bá wá ń tì í lọ, gbogbo ẹ̀ á yọ̀ padà sí ìbẹ̀rẹ̀, gbà! Ìyẹn ni CR. Ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n ṣe, ìtì kan ni, kì í gbójú sókè.

Tó o bá fà á padà láìyí rólà, lẹ́tà tuntun á gun orí ti tẹ́lẹ̀. Tó o bá yí rólà láìdá a padà, ìlà tuntun á bẹ̀rẹ̀ láàárín pépà níbi tí èyí ìṣáájú parí sí. Ẹ̀ẹ̀kan máa ń wà tá a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ti àkọ́kọ́ yẹn o, tá a bá fẹ́ fàlà sábẹ́ àkọlé, a máa dá a padà láìyí rólà, ká wá fi ìlà tẹ̀ ẹ́ lábẹ́. Yorùbá tá à ń kọ náà, ẹ̀rọ Òyìnbó ni, kò ní ẹ kò ní ọ. A máa tẹ e, ká padà sẹ́yìn ìdì kan, ká fọwọ́ yí rólà díẹ̀ báyìí, ká tẹ àmì ìdánudúró sábẹ́ ẹ̀, ká yí i padà. Gbogbo ẹ, gbogbo ọ, gbogbo ṣ, láti òkè ìwé dé ìsàlẹ̀. Ojú ìwé kan lè gba ìdajì ọjọ́. Ìdí nìyẹn tí inú mi ò fi ń dùn tí mo bá rí ọmọ ìwòyí tí bọ́tìnnì wà fún un tó ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i. Ẹni tó gbéṣẹ́ wá fún ẹ yẹn, bá mi kí i dáadáa.

Kóòdù_Adénìkẹ́

Bàbá wa, ẹ ẹ́ pẹ́ fún wa. Ẹ ò mọ nǹkan tẹ́ẹ ṣe fún mi báyìí. Lẹ́tà tó gun orí lẹ́tà yẹn, ó ń ṣẹlẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà títí dòní! Mo ní àkójọ orúkọ ìlú nínú fáìlì kan tí wọ́n ṣe lórí Windows, mo ní kí Linux máa kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kó kọ ọ̀rọ̀ kan sẹ́yìn orúkọ, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ló ń bọ́ sórí orúkọ ìlú, tó ń jẹ ẹ́ láti iwájú. CR ló wà lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan, ó ń dá ọwọ́ ìkọ̀wé padà sí ìbẹ̀rẹ̀ láìyí rólà, gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ ṣe sọ ọ́. Ṣáájú ìyẹn mo ti fi ọjọ́ méjì gbáko jà pẹ̀lú kóòdù kan tí mo dáńlóòdù fún iṣẹ́ àṣekágbá mi, ó ń sọ pé /bin/bash^M, bad interpreter, èmi ń wo bash, ètò tó yẹ kó ka kóòdù náà, ní tèmi, bash wà ńbẹ̀, àṣé CR tó rọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn ló ń wá, kò dẹ̀ sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn méjèèjì tún jẹ́ àmì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ torí ẹ̀rọ Teletype tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà láyé ìgbà yẹn, irú Model 33 tó jáde ní 1963. Lẹ́tà 10 ló ń tẹ̀ níṣẹ́jú àáyá kan, orí ẹ̀ dẹ̀ gbọ́dọ̀ rìn láti ọ̀tún dé òsì, kò lè débẹ̀ kí lẹ́tà tó kàn tó dé. Ìdí nìyẹn tí CR fi ń ṣáájú, bí LF ṣe ń yí pépà lọ́wọ́ ni orí ẹ̀rọ á máa parí ìrìn tiẹ̀.

Fóònù_Nìkan

Ẹ̀gbọ́n mi Atẹ̀wé, ẹ kú làálàá. Èmi ò ní kọ̀ǹpútà, Termux orí fóònù, áàpù tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ bíi ti Linux, ni mo fi ń ṣe gbogbo nǹkan, tí ọmọ yín ní ṣọ́ọ̀bù bá ní Android ó lè ṣe é láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, pàápàá tí iná bá lọ. Kó kó fáìlì sínú fódà kan, kó ṣe ẹ̀dà ẹ̀, kó wá tẹ

sed -i 's/\r*$//' *.txt

Ó máa yọ gbogbo CR tó wà níparí ìlà, ì báà jẹ́ ọ̀kan ì báà jẹ́ mẹ́ta, èyí tó ń fo ìlà náà á tò. Èyí tó bá jẹ́ ti Mac àtijọ́ nìkan ni ò ní ràn, torí níbẹ̀ gbogbo fáìlì jẹ́ ìlà kan ṣoṣo lójú sed. Fún ìyẹn, tr '\r' '\n' < orin9.txt > orin9b.txt. Tó bá ti parí, kó ṣe pkg install dos2unix, kó wá tẹ unix2dos *.txt kí Notepad Windows 7 yín lè rí i kà. Ẹ̀yìn ẹ̀ lẹ tó pa wọ́n pọ̀.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kọ Yorùbá mọ̀, torí ó ti ṣì mí lọ́nà rí, mi ò dẹ̀ tíì ríbi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Gbogbo ibi tẹ́ẹ bá dé, wọ́n á ní kẹ́ẹ lo cat -A láti fi wo òpin ìlà, pé tẹ́ẹ bá ti rí ^M$ níparí, CR ló wà níbẹ̀ yẹn. Fún Òyìnbó òótọ́ ni. Mo lò ó fún fáìlì àwọn òwe tí mo kó jọ, mo rí ^M káàkiri, níbẹ̀rẹ̀ ìlà, láàárín ọ̀rọ̀, níbi gbogbo, mo yọ CR yọ CR kò lọ. Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. Àṣé lẹ́tà ọ ni! Báìtì mẹ́ta tó ń kọ ọ, E1 BB 8D ni, cat -A dẹ̀ máa ń kọ 8D báyìí pé M-^M. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ, bó ṣe máa hàn nìyí tí ìlà bá parí síbẹ̀ pẹ̀lú LF nìkan

M-aM-;M-^MmM-aM-;M-^M$

ẹ wá wò ó tí CR bá wà níbẹ̀ lóòótọ́

M-aM-;M-^MmM-aM-;M-^M^M$

Ẹ rí i? Ti àkọ́kọ́ náà parí pẹ̀lú ^M$ àmọ́ kò sí CR kankan ńbẹ̀, ẹ̀yìn M- ló wà. Èyí tó dá dúró láìní M- níwájú ni CR. CR tó jẹ́ 13 yẹn, 0D ni wọ́n ń kọ ọ́ lọ́nà tí wọ́n ń gbà kọ báìtì yìí, ti ọ jẹ́ 8D, wọn ò tan mọ́ra, torí náà ẹ fọkàn balẹ̀, sed yẹn ò ní fọwọ́ kan ọ yín nínú UTF-8, kò ní fọwọ́ kan ẹ tàbí ṣ tàbí àmì ohùn kankan. Èmi ò lo cat -A mọ́, kẹ́ẹ tẹ file *.txt, ó máa sọ fún yín lọ́rọ̀ ẹnu bóyá CRLF ni, tàbí CRLF àti LF pọ̀, tàbí CR.

Ọmọ_Tákìé

Gbogbo wàhálà yìí kẹ̀. tr -d '\r' á pa gbogbo CR rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Fóònù_Nìkan

Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ rọra o. Tó bá bọ́ sórí èyí tí CR nìkan ni òpin ìlà ẹ̀, ìlà parẹ́ nìyẹn, kò sóhun tó máa sọ ibi tí ẹsẹ kan parí sí mọ́.

Atẹ̀wé_UnderG

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọlọ́run á bá yín ṣe tiyín. Mo ti kígbe nínú ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mejì lónìí. Nígbà tí mo tẹ Show End of Line tí mo rí àpótí dúdú wọ̀nyẹn, ńṣe ni mo pe oníbàárà tó wá ṣe fọ́tókọ́pì kó wá wò ó. Orin mẹ́jọ ti tò. Méjì tó ń fo ìlà, CR CR LF ló wà nínú wọn lóòótọ́, mo rọ́pò ẹ̀ bẹ́ẹ ṣe ní kí n ṣe é, àlàfo lọ, ti àárín ẹsẹ sí ẹsẹ ló kù. Bàbá, ẹ ṣeun, mo ka tiyín fún ọmọ ṣọ́ọ̀bù mi sókè, ó ní kí n béèrè bóyá ẹ ṣì ní táípúráítà náà nílé.

Àmọ́ orin kejìlá. Fùláàṣì bàbá àgbà yẹn ló ti wá. Ọmọ yìí ti ka tr -d '\r' ṣáájú kí ìkìlọ̀ tó dé, ó ti ṣe é lórí fóònù ẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ dáa, àmì ohùn pé, ìlà kejì wá di lẹ́tà àwọn ará Ṣáínà, ìkẹta dáa, ìkẹrin Ṣáínà. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń lọ dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀dà tá a ṣe ṣì wà níbẹ̀, a ò fọwọ́ kàn án. Kí ló ṣe é?

Kóòdù_Adénìkẹ́

Ẹ̀dà yẹn ló yọ yín. Àǹtí, mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìtíì rí i. Fáìlì yẹn kì í ṣe UTF-8, UTF-16 ni, òun ni Notepad àtijọ́ ń pè ní Unicode tẹ́ẹ bá lọ sí Save As. Bàbá àgbà yẹn mọ nǹkan tí wọ́n ń ṣe nígbà náà o, ká ní ANSI tí Notepad gbé síwájú wọn ni wọ́n mú, gbogbo ẹ àti ọ inú orin ì bá ti di àmì ìbéèrè.

Nínú UTF-16, báìtì méjì méjì ni wọ́n fi ń kọ àwọn lẹ́tà tá à ń lò wọ̀nyí. CR náà gba méjì, 13 àti òdo. tr ò mọ̀yẹn, ó yọ 13, ó fi òdo ẹ̀yìn ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fojú inú wo àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n tò ní méjì méjì tí wọ́n dira wọn lọ́wọ́ mú, ẹ wá fa ẹnì kan yọ láàárín. Gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn á gba ọwọ́ ẹni tí kì í ṣe ẹnì kejì wọn. Lẹ́tà a tó yẹ kó jẹ́ 61 00 á wá di 00 61, ìyẹn bọ́ sáàárín lẹ́tà Ṣáínà. Tó bá wá dé CR kejì tó tún yọ ẹnì kan, méjì ti kúrò, àwọn tó kù tún bá ara wọn mu, ìlà kẹta wá dáa. Ìdí tó fi ń ṣe ìlà kan bẹ́ẹ̀ ìlà kan bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Ẹ pa èyí tó bàjẹ́ tì. Ẹ mú ẹ̀dà, ẹ ṣí i nínú Notepad++, ẹ lọ sí Encoding, ẹ tẹ Convert to UTF-8. Convert ni o, kì í ṣe èyí tó wà lókè tí kò ní Convert lára, ìyẹn ò wà fún irú ìyípadà yìí. Lórí fóònù, iconv -f UTF-16 -t UTF-8 orin12.txt > orin12b.txt ló ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Tó bá ti di UTF-8 tán lẹ tó máa ṣe òpin ìlà ẹ̀. Ẹ ṣe file *.txt fún àwọn tó kù, tó bá tún dárúkọ UTF-16 fún òmíì, bákan náà ni.

BàbáTáípì_Ọ̀yọ́

Ó wà nílé, sọ fún un. Rólà ẹ̀ ti le díẹ̀ ṣùgbọ́n agogo ṣì ń dún. Tí ẹ bá gba Ọ̀yọ́ kọjá lọ sí Ìbàdàn, kó yà wá tẹ orúkọ ara ẹ̀ lé e.

Atẹ̀wé_UnderG

Ó ti parí o. Orin kejìlá àti ìkẹtàlá ni wọ́n jẹ́ UTF-16, ìkẹsàn-án ló jẹ́ ti Mac, CR nìkan ló wà ńbẹ̀ látòkè délẹ̀, tr '\r' '\n' ló tò ó. Mo fi copy /b pa wọ́n pọ̀, mo kọ́kọ́ tẹ ẹ̀ńtà kan síparí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí SUB, kò sí àkọlé tó lẹ̀ mọ́ Àmín. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni mo kọ́kọ́ pírínǹtì, mo gbé e lọ bá oníṣẹ́ fúnra mi, ó fi bírò tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, ó kọrin kẹfà àti ìkeje lábẹ́lẹ̀ kó lè mọ̀ bóyá ẹsẹ ò sọnù. Àmì ohùn kan ló rí tó ṣì, inú fáìlì tí wọ́n fún mi ló ti wà bẹ́ẹ̀. Ó fọwọ́ sí i. Jẹ́nẹ́rétọ̀ ti ń sáré báyìí, a ti tẹ 110.